Káàdì Wà Lọ́wọ́, Dókítà Dà?

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Akówonjọ wọ Ṣáṣá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, kò ní í rìn jìnnà kí ojú rẹ̀ tó bá pátákó ilé ìwòsàn. Òmíràn jẹ́ ilé alájà méjì tí ó ní ọgbà. Òmíràn sì wà ní ìsàlẹ̀ ilé tí àwọn ayálégbé ń gbé òkè rẹ̀. Àwọn oníkẹ́míìsì wà láàrin wọn, àwọn alágbo náà kò sì jìnnà pẹ̀lú ìgò àti bàsíà wọn. Bí a bá fi ti iye pátákó ṣe é, a ó sọ pé kò sí ìdí kankan tí ará Ṣáṣá fi ní láti máa wá dókítà kiri. Síbẹ̀, wọ́n ń wá a. Kì í ṣe dókítà lásán ni wọ́n ń wá. Dókítà tí yóò gba káàdì adójútòfò ìlera tí ìjọba fi lé wọn lọ́wọ́ ni, tí yóò sì tún jẹ́ ẹni tí ó mọ̀ wọ́n, tí ó mọ ìyàwó, tí ó mọ ọmọ, tí ó sì rántí àìsàn tí ó ṣe wọ́n ní èṣí.

Ẹ jẹ́ kí a fi òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí kò ṣọ̀wọ́n ní àdúgbò bẹ́ẹ̀. Yábàá ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà, ilé ìwòsàn kan tí ó wà lẹ́bàá ibi iṣẹ́ náà ni ó sì kọ sínú ìwé ní ọjọ́ tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀. Ní òru ọjọ́ tí ara ọmọ rẹ̀ gbóná ní Ṣáṣá, kò lè gbé e dé Yábàá. Ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ ọn jù, ó sì na káàdì sí akọ̀wé tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Akọ̀wé náà kò bú u, kò sì fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ó kàn rọra dá káàdì náà padà ni, ó ní: "Ẹ má bínú, sà, àwa kì í gba ti ìjọba. Ṣé owó wà lọ́wọ́ yín?" Ó san owó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó padà sí ibi iṣẹ́ níbi tí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé àwọn tí ìjọba ń sanwó ìlera fún.

Àwọn kan a máa sọ pé ojúkòkòrò àwọn dókítà ni ó fa èyí. Àwọn mìíràn a ní àwọn ará ìlú ni kò ní ìmọ̀ nípa ètò náà. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ìtàn wò, a ó rí i pé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún ni ìjọba kan lẹ́yìn òmíràn ti ń bá aláìsàn dá májẹ̀mú. Ẹni tí wọn kò bá jókòó dá májẹ̀mú dáadáa ni dókítà tí ó ṣí ilé ìwòsàn sí ìkángun òpópónà.

Kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ ìjọba, ó yẹ kí a rántí pé dókítà ìdílé kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ní ayé àtijọ́, ó ṣòro kí agboolé ńlá kan má ní oníṣègùn tí ó ń tọ̀ lọ. Oníṣègùn yìí mọ àìsàn tí ó pa bàbá àgbà, ó mọ èèwọ̀ ilé, ó mọ ẹni tí inú máa ń run àti ẹni tí ikọ́ kì í fi sílẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà san owó rẹ̀ yẹ fún àkíyèsí. A ó kọ́kọ́ fún un ní owó tí yóò fi ra ewé, egbò àti èròjà mìíràn. Nígbà tí ara aláìsàn bá yá tán ni a ó wá dúpẹ́, ọpẹ́ náà a sì máa tẹ̀lé bí agbára ìdílé bá ti mọ. Olówó a dúpẹ́ bí olówó, tálákà a dúpẹ́ bí tálákà. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ní ń ran ẹni tí kò ní lọ́wọ́ láìsí ẹni tí ó pariwo rẹ̀. Kì í ṣe pé ètò yìí pé pérépéré. Ìyà a máa jẹ ẹni tí kò ní ẹbí. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ kí a gbàgbé bí a ti ń bá ìtàn yìí lọ. Èkíní ni pé aláìsàn àti olùtọ́jú mọ ara wọn. Èkejì ni pé èrò tí ó pọ̀ wà lẹ́yìn olùtọ́jú kan ṣoṣo, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí kò rí lọ́wọ́ ẹni kan, yóò rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Èkó ni ìṣègùn òyìnbó ti kọ́kọ́ rí ẹsẹ̀ walẹ̀ ní apá ibí yìí. Láti ọdún 1893 ni ilé ìwòsàn gbogbogbòò ti wà ní Ọ̀dàn, àwọn ọmọ Yorùbá bí John Randle, Obadiah Johnson àti Ọ̀gúntọ́lá Sápàrà sì ṣe gudugudu méje nínú iṣẹ́ náà. Sápàrà yìí ni ó fi ara rẹ̀ wọ inú àwọn awo Ṣọ̀pọ̀ná kí ó lè mọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń tan àrùn náà kálẹ̀. Ṣùgbọ́n Ṣáṣá kò sí nínú Èkó nígbà náà. Ilẹ̀ Àwórì ni, oko àti abúlé, láàrin Ìṣẹrí Olófin tí àwọn Àwórì ka sí orísun wọn àti Ìkẹjà. Nígbà tí a pín orílẹ̀-èdè yìí sí ẹkùn, abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ni agbègbè Ìkẹjà bọ́ sí, tí ìjókòó ìjọba rẹ̀ wà ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni ó sì wà títí di ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, ọdún 1967, tí ìjọba ológun Gowon dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ààlà yìí ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ti lè rò lọ, nítorí òun ni ó sọ ìlérí ìjọba wo ni yóò kan ará Ṣáṣá àti èyí tí kò ní í kàn án.

Ìlérí àkọ́kọ́ ti Ìbàdàn wá. Ìjọba ẹgbẹ́ Action Group tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ aṣáájú rẹ̀ pinnu pé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò jẹ́ ọ̀fẹ́, àti pé ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 yóò jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Láti rí owó ṣe é, wọ́n bu owó lé owó-orí: ṣílè mẹ́wàá àbọ̀ fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ìbínú tí èyí dá sílẹ̀ kò kéré. Ní ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1954, ẹgbẹ́ NCNC ni ó borí ní Ìwọ̀ Oòrùn, ní ojú agbada Action Group fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ òpìtàn sì ka owó náà mọ́ ohun tí ó fà á. A kò lè sọ pé àwọn ará ìlú kò fẹ́ ìlera. Wọn kò fẹ́ san owó àìsàn tí kò tíì ṣe wọ́n, fún ẹni tí wọn kò mọ ibi tí yóò kó o sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń jà títí di òní, ó sì yẹ kí a dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. A sábà máa ń gbọ́ pé ohun tí kò jẹ́ kí Yorùbá gba adójútòfò, tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní inṣọ́ránsì, ni pé wọ́n gbà pé ẹni tí ó bá ń tọ́jú owó de àìsàn ń pe àìsàn ni. "A kò ní rí i" ni ìdáhùn wọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá kan náà yìí ni wọ́n ń dá èsúsú kí Samuel Johnson tó kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1921. Àwọn náà ni wọ́n ń dá owó ẹgbẹ́ tí a fi ń sìnkú òbí, ta ni kò sì mọ̀ pé ikú burú ju ibà lọ? Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó ń dá èsúsú mọ olórí èsúsú, ó mọ ilé rẹ̀, ó sì mọ ọjọ́ tí yóò kan òun.

Ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kọ́ ilé ìwòsàn kékeré kan sí Ìkẹjà fún àwọn ará ìlú náà àti agbègbè rẹ̀. Ilé ìwòsàn yìí ni ó dàgbà di ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2001. Fún abúlé bí Ṣáṣá, ohun ribiribi ni. Ọmọ tí ibà mú ní oko lè rí dókítà láìsan kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n dókítà ìjọba ni dókítà náà, ilé ìwòsàn ìjọba ni ilé ìwòsàn, owó oṣù sì ni ó ń gbà. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti bi dókítà aládàáni léèrè ohun tí ó rò.

Ní ọdún 1962 ni a kọ́kọ́ bi í léèrè. Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí, tí ó ń ṣe Mínísítà ètò ìlera fún ìjọba àpapọ̀, gbé ètò adójútòfò ìlera kan kalẹ̀ tí yóò bẹ̀rẹ̀ láti Èkó, olú-ìlú orílẹ̀-èdè nígbà náà. Àwọn dókítà aládàáni kò fara mọ́ ọn, àbá náà sì kú. Ọdún náà le fún Májẹ̀kódùnmí fúnra rẹ̀: láti oṣù kẹfà ni wọ́n ti fi í ṣe alákòóso Ìwọ̀ Oòrùn nígbà tí ìjà fọ́ ilé ìgbìmọ̀ Ìbàdàn. Bí àbá náà bá tilẹ̀ yè, Èkó ni ó wà fún. Ṣáṣá tí kò ju ìrìn ẹsẹ̀ ọjọ́ kan lọ sí Èkó wà ní òdì kejì ààlà.

Kí a má rò pé dókítà Nàìjíríà nìkan ni ó kọ irú ètò bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1962 kan náà, àwọn dókítà Saskatchewan ní ilẹ̀ Kánádà da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 23 nítorí pé ìjọba ibẹ̀ fẹ́ sanwó ìtọ́jú fún gbogbo ènìyàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí Lloyd George mú òfin adójútòfò jáde ní ọdún 1911, ẹgbẹ́ àwọn dókítà kọ́kọ́ yarí kanlẹ̀. Ohun tí ó rọ̀ wọ́n lójú kì í ṣe ìbẹ̀bẹ̀. Òfin náà mú gbogbo òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré, yálà ó fẹ́ tàbí ó kọ̀, ó sì ní kí olúkúlùkù mú dókítà tí ó wù ú nínú àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àdúgbò rẹ̀. Fún orí kọ̀ọ̀kan tí ó bá mú dókítà kan, dókítà náà yóò gba owó kan lọ́dún, bí ẹni náà ṣàìsàn, bí kò sì ṣàìsàn. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1913, dókítà tí ó wà ní òpópónà àwọn òṣìṣẹ́ rí i pé gbogbo òpópónà náà ni yóò wà lẹ́yìn òun bí òun bá fọwọ́ sí i, àti pé òfo ni òun yóò máa wò bí òun bá kọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ọ̀rọ̀ adójútòfò sùn. Ní Èkó, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ni ó tún gba ipò. Nígbà tí Alhaji Lateef Jákáńdè di gómìnà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1979, ìlera ọ̀fẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú òpó mẹ́rin ẹgbẹ́ UPN, Ṣáṣá sì ti wà lábẹ́ Èkó wàyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n ṣì ń fi àsìkò náà ṣe ìwọ̀n gbogbo ìjọba tí ó tẹ̀lé e. Àwọn ológun gba ìjọba ní òpin ọdún 1983, owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, owó sísan sì padà sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Àsìkò yìí gan-an ni abúlé Alímọ̀ṣọ́ ń di ìlú. Àwọn tí owó ilé lé kúrò ní Mọ́ṣin, Yábàá àti Súrùlérè ra ilẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, Ìdímù, Ìkọ̀tún àti Ṣáṣá. Ìjọba kò kọ́ ilé ìwòsàn tẹ̀lé wọn bí wọ́n ti ń yára kọ́lé. Dókítà aládàáni ni ó tẹ̀lé wọn. Nígbà tí a ka ènìyàn ní ọdún 2006, àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ti ju mílíọ̀nù kan lọ dáadáa, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tilẹ̀ ní wọ́n ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ilé ìwòsàn gbogbogbòò tí wọ́n ní wà ní Ìgàndó, ará Ṣáṣá yóò sì la Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìṣẹrí kọjá kí ó tó dé ibẹ̀.

Ní ọdún 1984 ni ìgbìmọ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lórí adójútòfò. Ìgbìmọ̀ bí ìgbìmọ̀ títí ó fi kan àkókò Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, tí ọkàn rẹ̀ wà jù lọ lọ́dọ̀ ìtọ́jú alákọ̀ọ́kọ́ ní abúlé àti àdúgbò. Ọdún 15 ni wọ́n fi ń kọ àbá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1999, nígbà tí ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar gbé ìjọba sílẹ̀, ó fọwọ́ sí òfin kárùndínlógójì ti ọdún náà, tí ó dá àjọ NHIS sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà tún kọjá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2005 ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wá ṣí ètò náà, ọdún 43 lẹ́yìn àbá Májẹ̀kódùnmí.

Bí ètò náà ti ń ṣiṣẹ́ ni a ní láti tú palẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni akọ̀wé tí ó dá káàdì padà ti rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ ni òfin ní kí a máa dá: kí agbanisíṣẹ́ san ìdá mẹ́wàá, kí òṣìṣẹ́ san ìdá márùn-ún. Owó náà yóò wo òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Òṣìṣẹ́ yóò mú ilé ìwòsàn kan gẹ́gẹ́ bí ibi àkọ́kọ́ tí yóò máa lọ. Bí àìsàn bá ju agbára ibẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni yóò kọ ìwé gbé e lọ sí ibòmíràn. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn ni yóò san. Láàrin àjọ náà àti ilé ìwòsàn ni àwọn ilé-iṣẹ́ alágbàtà wà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí HMO. Àwọn ni wọ́n ń gba owó tí wọ́n sì ń san án fún dókítà.

Ọ̀nà Lloyd George ni wọ́n gbà san án: iye kan lórí orí kan, lóṣooṣù. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn èdè lè rẹ́rìn-ín sí i, pé owó-orí tí mẹ̀kúnnù ń san fún ìjọba láti ìgbà òyìnbó ti wá di ohun tí ìjọba ń san fún dókítà nítorí mẹ̀kúnnù. ₦550 ni iye náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó di ₦750, ó sì dúró síbẹ̀ fún ọdún tí ó lé ní mẹ́wàá, nígbà tí ohun gbogbo ń gòkè. Ní ọdún 2023, ₦750 kò tó ra lítà dísù kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé ìwòsàn ní Ṣáṣá tí ó lè fi iná mànàmáná ìjọba nìkan ṣiṣẹ́ abẹ.

Síbẹ̀, kíkéré owó náà nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ká ní ilé ìwòsàn kan ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún orí nínú ìwé rẹ̀, ní ₦750 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Yóò gba ₦3,750,000 lóṣù, púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ̀rún márùn-ún náà kò sì ní ṣàìsàn ní oṣù yẹn. Ilé ìwòsàn náà lè rí ara gbé e. Ká ní òmíràn ní ogójì orí. ₦30,000 ni yóò gbà, kò tó owó oṣù nọ́ọ̀sì kan, bí ibà líle bá sì mú ọmọ mẹ́ta nínú àwọn ogójì náà, owó ti tán. Ibi tí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ pọ̀ sí ni orí ti ń pọ̀: ẹ̀bá bárékè, ẹ̀bá yunifásítì, ẹ̀bá ilé-iṣẹ́ ìjọba. Ṣáṣá kì í ṣe irú ibẹ̀. Aránṣọ, mẹkáníìkì, oníṣòwò, awakọ̀ àti olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni ó kún ibẹ̀, ètò ọdún 2005 kò sì kọ́kọ́ kàn wọ́n. Òṣìṣẹ́ ìjọba mélòó kan tí ó fọ́n káàkiri àdúgbò sì ti forúkọ sílẹ̀ ní ẹ̀bá ibi iṣẹ́ wọn. Dókítà Ṣáṣá tí ó bá gba káàdì yóò gba orí díẹ̀ tí kò tó ṣe nǹkan, ìwé tí yóò kọ sí HMO nítorí wọn kò sì ní kéré sí ti ẹlẹ́gbẹ̀rún márùn-ún. Nítorí náà, ó kọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá a wí ní láti kọ́kọ́ sọ ibi tí yóò ti rí owó nọ́ọ̀sì.

Àwọn kan gbìyànjú láti mú àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba wọlé. Ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ Hygeia fi owó ìrànlọ́wọ́ tí ó ti ilẹ̀ Hóláǹdì wá bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún àwọn àgbẹ̀ Shonga ní Ìpínlẹ̀ Kwara àti fún àwọn obìnrin ọlọ́jà ní Èkó. Ní ọdún 2008, ìjọba Èkó dá ètò àdúgbò sílẹ̀ ní Ìkòsì-Ìṣẹrí. Ìṣẹrí yìí kì í ṣe Ìṣẹrí Olófin o. Kósọ́fẹ́ ni ó wà. Àwọn ètò wọ̀nyí sún mọ́ èsúsú ju ti ìjọba àpapọ̀ lọ, nítorí àwọn tí ń dáwó jọ ń rí ara wọn lọ́jà tàbí ní àdúgbò. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ erékùṣù kéékèèké, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dé apá Ṣáṣá.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ó kúrò lórí àlééfà, Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí òfin tí ó dá ètò ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Oṣù kejìlá ọdún 2018 ni Gómìnà Akínwùnmí Ambọ̀dé tó ṣí i. ₦40,000 lọ́dún ni wọ́n kọ́kọ́ dá lé ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà, ₦8,500 sì ni fún ẹnì kan. Ìlera Èkó ni a wá mọ ètò náà sí lábẹ́ Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú. Ìjọba àpapọ̀ náà kò dúró: ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tí ó sọ NHIS di NHIA, tí ó sì sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé Nàìjíríà. Sanwó-Olú fi àṣẹ tirẹ̀ tẹ̀lé e ní Èkó ní ọdún 2024. Bí a bá fi ojú ìwé wò ó, ohun tí Lloyd George ṣe ni wọ́n ṣe yìí: kí gbogbo òpópónà wọlé, kí orí pọ̀ lẹ́yìn dókítà.

Dandan orí ìwé àti dandan ojú pópó kì í ṣe ọ̀kan náà. Ilé-iṣẹ́ ni Lloyd George rí mú. Agbanisíṣẹ́ ni ó ń yọ owó kí òṣìṣẹ́ tó rí i. Aránṣọ Ṣáṣá kò ní agbanisíṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè yọ owó lọ́wọ́ rẹ̀ àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá mú un wá, kò sì ní mú un wá bí kò bá rí ẹni tí ó ti jàǹfààní rẹ̀ ní ẹ̀bá ilé rẹ̀. Dókítà náà kò sì ní fọwọ́ sí i títí àwọn aránṣọ yóò fi pọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń wo ara wọn. Láàrin wọn, ọ̀pọ̀ àwọn dókítà ọ̀dọ́ tí ìbá ṣí ilé ìwòsàn ti kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí díẹ̀ nínú wọn ti di dókítà ìdílé tí ìjọba ibẹ̀ ń san owó orí fún, tí ohun gbogbo sì ń bọ́ sí i fún wọn, nítorí pé kò sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò lè wà nínú ìwé níbẹ̀.

Ní ọdún 2025, NHIA gbé owó orí láti ₦750 sí ₦1,450, ó sì pàṣẹ pé kí HMO máa fọwọ́ sí ìwé ìgbéníyànjáde láàrin wákàtí kan. Èyí dára, ó sì ti pẹ́ jù. Dókítà tí ó ti fi ètò náà sílẹ̀ nítorí gbèsè lè tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ṣe ìṣirò náà ní Ṣáṣá, ohun mìíràn wà tí yóò bá pàdé. Ilé kan náà ni òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti aránṣọ ń gbé, ọ̀kan ní yàrá iwájú, ọ̀kan ní ti ẹ̀yìn. Káàdì NHIA ni ti òṣìṣẹ́. Káàdì Ìlera Èkó ni ti aránṣọ. Ìwé ilé ìwòsàn ti àkọ́kọ́ yàtọ̀ sí ti èkejì, iye owó orí wọn yàtọ̀, ẹni tí ń san án sì yàtọ̀. Ilé ìwòsàn tí ó gba ọ̀kan lè má gba èkejì. Orí tí ìbá jókòó sẹ́yìn dókítà kan ti pín sí méjì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ àwọn méjèèjì bá ṣàìsàn ní òru kan náà, tí wọ́n sì jọ gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà ibi tí iná ti ń tàn, akọ̀wé yóò kọ́kọ́ na ọwọ́, yóò wo káàdì méjèèjì, yóò sì béèrè pé: "Ti ta ni èyí, ti àpapọ̀ ni àbí ti Èkó?"